Kí Ọjà Tó Dẹnu Kọlẹ̀: Iṣẹ́ Ọwọ́ Warren Buffett

Ìlà mẹ́rin kan wà nínú lẹ́tà tí Warren Buffett kọ nípa ọdún 2017 sí àwọn tó ní ìpín nínú iléeṣẹ́ rẹ̀, Berkshire Hathaway. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi owó sínú ìpín ìdókòwò fún ọjọ́ pípẹ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 1973 di oṣù kìíní ọdún 1975, ìpín kan nínú Berkshire já láti dọ́là 93 sí dọ́là 38. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1987, láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n péré, ó já láti 4,250 sí 2,675. Láti ọdún 1998 sí ọdún 2000, ó kúrò ní 80,900, ó di 41,300. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 sí oṣù kẹta ọdún 2009, ó ti orí 147,000 bọ́ sí 72,400.

Ẹ tún wọn kà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni nǹkan bí ìdajì owó tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pòórá; ìgbà kan tó kù, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n tí ojú bá kúrò lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, tó wá wo iye tó ṣíwájú nínú ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ó rí i pé dọ́là 93 ló di 147,000. Ìpín kan náà ni, ẹni kan náà ló darí rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, kò sì tà á lọ́jọ́ kankan nínú àwọn ọjọ́ burúkú yẹn.

Àwọn kan máa ń yìn ín pé ọkàn akin ló ní, pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìyìn yẹn kò tó, ó sì lè mú kí ẹni tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ náà sọ̀rètí nù, nítorí ẹni tí ẹ̀rù tètè máa ń bà yóò rò pé iṣẹ́ náà kò sí fún òun. Bí mo ṣe ń ka lẹ́tà rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ètò ni mo ń rí. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ọkùnrin yìí fi ń la ọjọ́ burúkú kọjá, ọjọ́ tó dára ló ti tò ó sílẹ̀: ó mọ ohun tó rà, kò jẹ gbèsè tó lè mú un tà tipátipá, owó sì máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ ká wo iṣẹ́ náà fínnífínní, nítorí iṣẹ́ tí ènìyàn lè kọ́ ni.

Òun náà kọ́ ọ. Ìlú Omaha ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1930. Ní oṣù kẹta ọdún 1942, Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ọdún mọ́kànlá yìí kó gbogbo owó tó ti ń tọ́jú, dọ́là 114 àti sẹ́ǹtì 75, ó fi ra ìpín mẹ́ta nínú iléeṣẹ́ epo kan tó ń jẹ́ Cities Service. Ó ra mẹ́ta fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Doris, pẹ̀lú. Kò pẹ́ tí ìpín náà já láti nǹkan bí dọ́là 38 sí dọ́là 27. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń lọ sílé ìwé, ni Doris á bá bẹ̀rẹ̀: owó òun ń jó rẹ̀yìn. Nígbà tó gòkè padà dé dọ́là 40, Warren tà á kíá, ó kó owó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un pẹ̀lú èrè kékeré, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìpín yẹn kan náà kọjá dọ́là 200.

Ọmọdé mìíràn á sunkún, á gbàgbé. Èyí jókòó, ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ó yọ ẹ̀kọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀ tó fi ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ ogbó. Àkọ́kọ́, iye tí a ra nǹkan kò gbọ́dọ̀ jọba lórí ìrònú wa lẹ́yìn tí a ti rà á. Èkejì, ìkánjú gba èrè kékeré a máa lé èrè ńlá lọ. Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù lójú tèmi: owó ẹlòmíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń kó ìdààmú bá a. Iléeṣẹ́ epo náà kò ṣe ohunkóhun tó fi yẹ kó tà. Ohùn Doris lójú ọ̀nà ilé ìwé ló mú un tà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti mọ̀ pé ohun tó ń mú ènìyàn tà lásìkò tí kò yẹ, ìta ló sábà máa ń ti wá, pé ó sì ṣeé ṣe láti dí ọ̀nà tó ń gbà wọlé.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Benjamin Graham, tí ọjà tó dojú dé ní ọdún 1929 jẹ níyà gan-an, ni Buffett lọ bá ní Yunifásítì Columbia ní New York, lẹ́yìn tó ti ka ìwé tí Graham tẹ̀ jáde lọ́dún 1949, The Intelligent Investor. Graham ní kí á gbà pé a jọ ní òwò pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọjà. Àràárọ̀ ló ń yọjú, tó ń sọ iye tí yóò ra ìpín wa tàbí iye tí yóò ta tirẹ̀ fún wa. Lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, owó gọbọi ni yóò pè. Lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, yóò fẹ́ kó ohun gbogbo dànù. Ìwà rẹ̀ kan ló dára: bí a kò bá dá a lóhùn, kò ní bínú, yóò tún dé lọ́la. Ìlò ni ó wà fún. Ẹni tó bá wá sọ ọ́ di olùdámọ̀ràn, ó ti fi ìdùnnú àti ìbànújẹ́ ẹlòmíì ṣe agogo ayé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí Buffett ṣe fi èyí ṣiṣẹ́ ní ìparí ọdún 1963. Oníjìbìtì kan, Anthony De Angelis, fi omi sínú àwọn àgbá ńlá tó yẹ kí òróró ẹ̀wà sóyà kún inú wọn, ó sì fi òróró tí kò sí yẹn yá owó rẹpẹtẹ. Ẹ̀ka iléeṣẹ́ American Express kan ló ti fọwọ́ sí i pé òróró wà níbẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, ìpín American Express bẹ̀rẹ̀ sí í já, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì iye rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Buffett kò jókòó ti ìwé ìròyìn. Ó lọ sí ilé oúnjẹ Ross’s ní Omaha, ó jókòó sẹ́yìn agbowó, ó ń wo ọwọ́ àwọn oníbàárà bí wọ́n ṣe ń san owó. Káàdì American Express ṣì ń jáde nínú àpò wọn. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn báǹkì àti àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò, ó bá a bẹ́ẹ̀: àwọn ènìyàn ṣì ń ra ìwé owó arìnrìn-àjò iléeṣẹ́ náà. Ìgbà yẹn ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ó sì rà á tìdítìdí.

Nínú iṣẹ́ yẹn, ojú tó jókòó sẹ́yìn agbowó ni mo yìn jù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé lọ síbẹ̀: ṣé ọ̀ràn yìí ti ba iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ náà ń ṣe jẹ́, àbí orúkọ rẹ̀ lórí ọjà nìkan ló bàjẹ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn kò ní ohun tí yóò fi kojú ẹ̀rù, bó ti wù kí ó le tó. Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí ìdáhùn, ìgboyà rẹ̀ ní ìpìlẹ̀.

Ìmọ̀ nìkan kò sì tó. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó so èso. Ní ọdún 1973, ọjà ń díye lé iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Washington Post ní nǹkan bí mílíọ̀nù 100 dọ́là. Buffett ṣírò ìwé ìròyìn náà, ó ṣírò ìwé ìròyìn Newsweek àti àwọn iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó rí i pé gbogbo rẹ̀ kò lè dín ní mílíọ̀nù 400. Ó fi mílíọ̀nù mẹ́wàá àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ sí i. Àti ìgbà tó rà á tán ni ó tún ń já. Ọdún kọjá, owó náà kò tíì pé iye tó kó síbẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò yí padà, òun náà kò sì yẹsẹ̀. Nígbà tí ọdún 1983 fi parí, ìpín yẹn ti ju mílíọ̀nù 136 dọ́là lọ.

Kí ló wá ń wò ní gbogbo àsìkò tí iye ń lọ tó ń bọ̀? Ohun tí iléeṣẹ́ náà ń mú wọlé ni. Ní ọdún 1986, ó ra oko kan nítòsí Omaha ní dọ́là 280,000. Nínú lẹ́tà rẹ̀ fún ọdún 2013 ló ti sọ pé èrè oko náà ti di ìlọ́po mẹ́ta, iye rẹ̀ sì ti di ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, láìsí ẹni tó ń dúró lẹ́bàá ọgbà tó ń ké iye rẹ̀ sí i létí. Àwọn baba wa tó gbin kòkó ní Oǹdó àti Iléṣà mọ èyí dáadáa: wọn kì í jí lówùúrọ̀ láti lọ béèrè iye tí wọn ìbá ta ilẹ̀, èso orí igi ni wọ́n ń kà. Bákan náà ni ìpín mílíọ̀nù 400 tí Berkshire ní nínú Coca-Cola. Bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 300 dọ́là ló ná wọn, wọ́n sì rà á tán lọ́dún 1994. Lọ́dún yẹn, èrè orí ìpín tí wọ́n gbà jẹ́ mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ní ọdún 2022, ó ti di mílíọ̀nù 704. Ọjà já lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọdún méjèèjì, àmọ́ ẹni tó ń ka èrè tó ń wọlé ní ohun mìíràn tó lè fojú sí.

Ọdún 2008 ni gbogbo ètò náà hàn pọ̀. Lẹ́yìn tí báǹkì ìdókòwò Lehman Brothers ṣubú ní oṣù kẹsàn-án, àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń wá owó kiri. Ọ̀dọ̀ Buffett ni wọ́n lọ, nítorí ó ti kó owó pamọ́ láti ìgbà tí ọjà ṣì dùn. Berkshire fún Goldman Sachs ní bílíọ̀nù márùn-ún dọ́là, ó tún fún General Electric ní bílíọ̀nù mẹ́ta. Ní oṣù kẹwàá, ó kọ̀wé sínú New York Times pé òun ń ra ìpín iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà, ó sì sọ ọ́ gbangba pé òun kò mọ ibi tí ọjà yóò wà lóṣù kan tàbí lọ́dún kan sí i. Ọjà tún fi ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ já kí oṣù kẹta ọdún 2009 tó dé. Kò tì í lójú, kò tilẹ̀ dí i lọ́wọ́, nítorí kò gbé owó tí ó máa nílò lóṣù yẹn síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọjà ti ga ju ibi tó wà lọ́jọ́ tó kọ̀wé náà lọ dáadáa.

Àwa náà rí ọdún 2008 tiwa ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2004, Charles Soludo, gómìnà Báǹkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé owó ìpìlẹ̀ báǹkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò ní bílíọ̀nù méjì náírà, kí ó di bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báǹkì 89 di 25. Kí wọ́n lè rí owó náà kó jọ, gbogbo ayé ni wọ́n ń ta ìpín fún: tíṣà ń rà, ìyálọ́jà ń rà, awakọ̀ ń rà. Bí iye ìpín ṣe ń gòkè, àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í yá ènìyàn lówó láti fi ra ìpín, ìpín náà gan-an ló sì dúró fún gbèsè. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òǹkà ọjà Èkó, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí iye gbogbo ìpín ibẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, lé ní 66,000. Nígbà tí oṣù kẹta ọdún 2009 fi parí, ó ti wà ní nǹkan bí 20,000. Bí ìpín ṣe ń já, ayánilówó ń béèrè owó rẹ̀. Kí ó lè rí owó gbà, ó ń ta ìpín onígbèsè. Títà yẹn náà tún ń mú kí iye já sí i. Onígbèsè tó ní sùúrù bí òkúta kò lè ṣe nǹkan kan, nítorí àṣẹ títà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ohun tí Buffett fi ìlà mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ṣàlàyé gan-an nìyí: ẹ má yáwó ra ìpín.

Ó tún yẹ ká sọ òótọ́ kan tí àwọn oníwàásù sùúrù máa ń fò dá. Ọdún 2023 ni òǹkà ọjà Èkó tó tún ga tó ti ọdún 2008, bẹ́ẹ̀ náírà ti yàtọ̀ pátápátá: nǹkan bí náírà 118 ni dọ́là kan nígbà náà, ó ti lé ní 800 nígbà tí ọdún 2023 parí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011 sì rèé, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báǹkì mẹ́ta, àwọn tó ní ìpín nínú wọn sì pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹni tó di irú ìpín yẹn mú títí dópin kò ṣe àṣìṣe ìkánjú. Kò mọ ohun tó dì mú ni. Ìdúróṣinṣin láìsí ìwádìí, ewu ni.

Mo mọ ìyá kan ní Ìbàdàn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí dọ́ba. Bí wọ́n bá gba ìwé ìṣirò ọdọọdún iléeṣẹ́ kan, wọn kì í wo àwòrán àwọn ọ̀gá tó wà níwájú. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣí i, níbi àlàyé orí ìṣirò. Wọ́n á fi rúlà sábẹ́ ìlà gbèsè, wọ́n á fi bíírò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ owó tó wọlé ní tòótọ́ sí, nítorí èrè lè wà lórí ìwé kí owó má sí nínú àpò. Lẹ́yìn ìyẹn ni èrè orí ìpín. Bí wọ́n ṣe ń tò ó láti ọdún dé ọdún nìyẹn, tí ojú fi lè rí iléeṣẹ́ tó ń sanra àti èyí tó kàn ń wú. Ẹ̀yìn ìwé ńlá yẹn ni wọ́n ń kọ ìdí tí wọ́n fi ra ìpín kọ̀ọ̀kan sí, gbólóhùn kan péré, kí wọ́n tó pe alágbàtà. Mo bi wọ́n nípa oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé tí ọjà já.

“Màmá, ẹ̀rù ò bà yín ni?”

“Ó bà mí kẹ̀! Ta lẹ̀rù ò ní bà? Ṣùgbọ́n ọmọ mi, owó oúnjẹ mi ò sí níbẹ̀. Owó oògùn ò sí níbẹ̀. Mi ò sì yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti fi ra ṣíà. Mo kàn ṣí ẹ̀yìn ìwé, mo ka ìdí tí mo fi ra ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì nínú wọn, ìdí yẹn ti yẹ̀. Mo ta ìyẹn. Àwọn tó kù, mo fi wọ́n sílẹ̀.”

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tò. Ẹ̀rù wà níbẹ̀, kò sì rí àyè kankan pàṣẹ. Àwọn méjì tí Màmá tà, ìdí wọn ló yẹ̀. Iye tó já lórí wọn kọ́ ni wọ́n tẹ̀ lé. Nígbà tí ọdún yẹn fi parí, òǹkà ọjà Èkó ti fi nǹkan bí ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ọdún lọ, ṣùgbọ́n ká ní kò gòkè pàápàá, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà mọ́.

Ẹni tí kò bá ráyè ka ìwé ìṣirò báyìí náà kò sọnù. Buffett fi mílíọ̀nù kan dọ́là ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú àwọn ọlọ́gbọ́n orí nínú ìṣúnná owó, láti ọdún 2008 sí ọdún 2017, pé àpò owó olówó pọ́ọ́kú tó kó ìpín àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà pọ̀ yóò borí àwọn àpò owó olówó ńlá tí wọ́n bá yàn. Ọdún àkọ́kọ́ gan-an, àpò owó tirẹ̀ pàdánù ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá pé, ó ti fi ìdá 125 àti díẹ̀ lé orí owó ìpìlẹ̀, ó sì borí gbogbo wọn.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà ń dán. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, òǹkà ọjà Èkó kọjá 100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ló yẹ kéèyàn mú bíírò. Ẹ san gbèsè tó wà lórí ìpín yín. Ẹ ya owó tí ẹ máa ná láàárín ọdún mélòó kan sọ́tọ̀, kí ó má sí níbẹ̀ rárá. Ẹ kọ ìdí tí ẹ fi ní ìpín kọ̀ọ̀kan; èyí tí ẹ kò bá rí ìdí kọ fún, ẹ tà á nígbà tí ẹni tó fẹ́ rà á ṣì pọ̀. Kò sí èyí tó gba owó rẹpẹtẹ nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó gba ọkàn akin. Olówó Omaha àti tíṣà Ìbàdàn, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n gbà pé àwa yòókù lè ṣe é.